Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ ìwé ìdìbò: bí olùdìbò ṣe lè pinnu lórí àbá òfin ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 2026, àwọn ará Amẹ́ríkà yóò tún jáde lọ dìbò. Orúkọ àwọn tó ń du ipò ni ojú ọ̀pọ̀ èèyàn yóò kọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, tí olùdìbò bá ka orúkọ tán, yóò bá àwọn ìbéèrè kan pàdé tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú, tí kò sì sí àmì ẹgbẹ́ òṣèlú kankan lára wọn. Wọ́n ń bi í bóyá kí ìpínlẹ̀ yá owó, kí wọ́n fi kún owó orí tàbí kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n yí ìwé òfin ìpínlẹ̀ padà, tàbí kí òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ṣe má fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn. Mẹ́wàá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló wà níwájú àwọn ará California ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ní Texas, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n gbé síwájú àwọn èèyàn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, nínú ọdún tí kò sí ìdìbò ààrẹ tàbí ti gómìnà níbẹ̀ rárá.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní Houston o, ní Atlanta o, ní Maryland tàbí Los Angeles, ló lè fi oṣù gbáko jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó di ààrẹ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé ìdí àwọn ìbéèrè yìí, wọn a fò wọ́n, tàbí kí wọ́n fi ohun tí ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n ti sọ fún wọn dáhùn. Ó ká mi lára pé bẹ́ẹ̀ ló rí, nítorí ohun tí a bá fi ìbò sọ di òfin níbẹ̀ máa ń pẹ́ nílẹ̀ ju ẹnikẹ́ni tí a dìbò yàn lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1978, lẹ́yìn ìpolongo tí Howard Jarvis àti Paul Gann léwájú rẹ̀, àwọn ará California dìbò fún Proposition 13 (Proposition ni wọ́n ń pe àbá òfin níbẹ̀), tó sọ pé ìpìlẹ̀ owó orí ilé àti ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìjọba dá lé ilé náà, àti pé iye yẹn kò gbọdọ̀ fi ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè lọ́dún, àfi tí ilé bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Gómìnà tó wà lórí oyè nígbà náà ti lọ, ọ̀pọ̀ mìíràn sì ti jẹ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin náà ṣì wà. Òun ló fà á tí ilé méjì tó jọra, tí ọgbà kan ṣoṣo là láàárín, fi lè máa san owó orí tó yàtọ̀ síra gidigidi: ẹni tó ra tirẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ń san lórí iye àtijọ́, nígbà tí àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó owó rẹ̀ jọ ra èkejì lọ́dún tó kọjá ń san lórí iye òde òní.

Ètò yìí ṣàjèjì sí ẹni tó dàgbà ní Nàìjíríà. Abala 9 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé kí wọ́n tó lè yí ìwé òfin náà padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé aṣòfin àgbà àti ti aṣojú-ṣòfin ní Àbújá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì gbà á. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n bi olùdìbò, àyàfi nínú ọ̀rọ̀ bíi dídá ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀. Irú ìbò bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà ṣì ń rántí ni ti ọdún 1963, nígbà tí wọ́n bi àwọn ará apá kan nínú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bóyá kí àwọn dá dúró, tí wọ́n fi dá Ẹkùn Mid-West sílẹ̀. Nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé ẹni tó ti dìbò ní Ìbàdàn tàbí Adó-Èkìtì fún ogún ọdún lè dé Dallas kó má mọ ohun tí yóò fi ìbéèrè orí owó orí ṣe.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni ẹni tó gbé àbá náà wá. Ní Texas, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nìkan ló lè gbé e wá: ìdá méjì nínú mẹ́ta ọmọ ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ gbà á, lẹ́yìn náà ni yóò tó dé ọwọ́ olùdìbò. Ìwé òfin Texas ti wà láti ọdún 1876, àwọn nǹkan kéékèèké pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ìgbà tí wọ́n ti fi ìbò tún un ṣe ti ju 500 lọ. Ará Texas lásán kò ní ọ̀nà láti kọ àbá tirẹ̀ kó sì gbé e síwájú gbogbo ìpínlẹ̀. California yàtọ̀. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní 2,000 dọ́là láti fi lélẹ̀ lè kọ òfin fúnra rẹ̀, kí agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ fún un ní àkọlé àti àkópọ̀ ọ̀rọ̀, kó sì ní 180 ọjọ́ láti fi gba ìbuwọ́lùwé àwọn olùdìbò jákèjádò ìpínlẹ̀. Fún ìdìbò ọdún 2024 àti 2026, òfin lásán ń fẹ́ ìbuwọ́lùwé 546,651, àtúnṣe ìwé òfin sì ń fẹ́ 874,641. Ìdá márùn-ún àti ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ìbò tí wọ́n dì fún ipò gómìnà ní ọdún 2022 ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí aráàlú ti lè gbé àbá tiwọn wá báyìí lé ní ogún. South Dakota ló kọ́kọ́ gba ètò náà wọlé ní ọdún 1898. California gbà á ní ọdún 1911, nígbà tí Hiram Johnson jẹ́ gómìnà, nítorí pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Southern Pacific ti di alágbára nínú òṣèlú ìpínlẹ̀ náà débi pé àwọn èèyàn gbà pé àwọn aṣòfin kò gbọ́ tiwọn mọ́.

Ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi gba agbára lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan ti di ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá mìíràn ń lò báyìí, nítorí kíkó ìbuwọ́lùwé tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mélòó kan jọ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà, tó na bébà àti bírò síni, tó ní kí a ṣáà fọwọ́ sí i “kí àwọn èèyàn lè láǹfààní láti dìbò lé e lórí”, owó ni wọ́n sábà máa ń san fún un, nígbà mìíràn lórí ìbuwọ́lùwé kọ̀ọ̀kan. Òfin California pàṣẹ pé kí wọ́n fi orúkọ àwọn tó náwó jù lọ sórí àbá náà hàn ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i. Kí a tó gba bírò, ẹ jẹ́ ká bèèrè ìwé yẹn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìpinnu wa ti bẹ̀rẹ̀.

Tí ìwé ìdìbò bá wá délé, mo rò pé ìbéèrè tó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni èyí: tí “Bẹ́ẹ̀ kọ́” bá borí, báwo ni nǹkan yóò ṣe rí ní ọjọ́ kejì? Àwọn tó ń polongo kì í fẹ́ ká béèrè ìyẹn. Ẹni tó fẹ́ ká gbà yóò máa sọ ohun rere tí àbá náà yóò ṣe, ẹni tí kò fẹ́ yóò máa sọ ewu tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè wọn ọ̀kan nínú méjèèjì tí a kò bá mọ ohun tí òfin sọ lónìí. Nínú ìwé àlàyé tí California ń fi ránṣẹ́ sí ilé àwọn olùdìbò ṣáájú ìdìbò, apá tí iléeṣẹ́ tó ń ṣírò ìnáwó fún àwọn aṣòfin kọ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nílẹ̀, kó tó sọ ohun tí àbá náà fẹ́ yí padà àti iye tí yóò ná ìjọba. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò sí lẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan. Bí mo bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lórí àbá kan, ibẹ̀ ni mo máa lò ó sí, kí n tó ka ọ̀rọ̀ àwọn alátìlẹ́yìn àti ti àwọn alátakò.

Ọ̀rọ̀ owó yíyá ni a ti máa ń rí àǹfààní kíkà yẹn jù. Proposition 2 ti ọdún 2024 béèrè bóyá kí California yá bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là láti fi tún àwọn ilé ìwé ìjọba ṣe àti láti fi kọ́ tuntun. Bílíọ̀nù mẹ́wàá ni gbogbo ìpolówó ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde, sísan gbèsè náà padà yóò gba nǹkan bí 500 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dọọdún fún ọdún 35, èyí tó túmọ̀ sí bílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀ lápapọ̀. Ní ọjọ́ kan náà, Proposition 4 béèrè bílíọ̀nù mẹ́wàá mìíràn fún omi, iná igbó àti ìyípadà ojú ọjọ́. Tiẹ̀ yóò gba nǹkan bí 400 mílíọ̀nù lọ́dọọdún fún 40 ọdún, bílíọ̀nù 16. Àwọn olùdìbò gba méjèèjì. Èmi kò sọ pé wọ́n ṣìṣe. Ilé ìwé tí wọ́n bá kọ́ lónìí yóò wúlò fún ọmọ tí a kò tíì bí, kò sì burú kí ẹni tí yóò lò ó lọ́jọ́ iwájú bá wa san nínú rẹ̀. Bákan náà, dọ́là tí a óò san ní ọgbọ̀n ọdún sí i kò ní níye lórí tó ti òní. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá dìbò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé gbèsè pẹ̀lú èlé lòun ń fọwọ́ sí, àti pé inú àpò ńlá ìpínlẹ̀ ni wọn yóò ti máa mú owó náà san, inú àpò kan náà tí wọ́n fi ń ṣètọ́jú aláìsàn tí wọ́n sì fi ń san owó olùkọ́. Bí ó bá jẹ́ gbèsè ti àgbègbè ilé ìwé kan ṣoṣo ni, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀: orí owó orí ilé àwọn tó ń gbé àgbègbè náà ni wọ́n máa ń dá a lé, onílé yóò sì rí i nínú ìwé owó orí rẹ̀.

Lẹ́yìn owó, ó kan bí wọ́n ṣe kọ ìbéèrè náà. Ní Georgia, ní ọdún 2016, ìwé ìdìbò béèrè bóyá kí wọ́n jẹ́ kí ìpínlẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ilé ìwé ìjọba tó ń kùnà léraléra kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe dáadáa sí i. Ta ni yóò sọ pé òun kò fẹ́ kí ọmọ ṣe dáadáa? Ohun tí gbólóhùn yẹn kò sọ ni pé ìpínlẹ̀ yóò gba ìṣàkóso irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí àwọn ará àdúgbò dìbò yàn. Àwọn olùkọ́ àti òbí la ọ̀rọ̀ náà yé ara wọn, nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún sì sọ pé àwọn kò fẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń rí bẹ́ẹ̀. Ní Missouri ní ọdún 2020, àwọn aṣòfin gbé àbá kan wá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé kí wọ́n fòfin de ẹ̀bùn láti ọwọ́ àwọn tó ń wá ojú rere aṣòfin. Dọ́là márùn-ún péré ni ààlà ẹ̀bùn náà tẹ́lẹ̀. Ó tún fi ọgọ́rùn-ún dọ́là dín iye tí èèyàn lè fi ṣètìlẹ́yìn fún ẹni tó ń du ipò sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ kù. Ìsàlẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà: ó fagi lé ètò pípín àgbègbè ìdìbò tí àwọn olùdìbò kan náà ti fi ìbò gbé kalẹ̀ ní ọdún 2018. Ó wọlé pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 51.

Àpẹẹrẹ tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ kíkọ yìí ni ti Proposition 6 ní California ní ọdún 2024. Ìwé òfin California fàyè gba kí wọ́n fi tipátipá mú ẹlẹ́wọ̀n ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀. Àbá náà fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Kò sí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ àtakò sínú ìwé àlàyé fún olùdìbò, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá 53 sọ pé rárá. Ní ọjọ́ kan náà, ní Nevada tó jẹ́ ìpínlẹ̀ tó múlé tì í, irú àbá kan náà wọlé pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 60. Lórí ìwé ìdìbò Nevada, wọ́n dárúkọ oko ẹrú ní tààrà; ní California, ọ̀rọ̀ òfin tó túmọ̀ sí iṣẹ́ àfipáṣe nìkan ni wọ́n lò, ọ̀rọ̀ tí olùdìbò tó ń kánjú kò ní mọ ohun tó wé mọ́. Mi ò ní sọ pé ìyẹn nìkan ló fa ìyàtọ̀ náà, torí pé ìwà ọ̀daràn ni ọ̀pọ̀ ará California ń fi ìbò bínú sí ní ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n ó tó ẹ̀rí pé kí a má fi àkọlé nìkan dìbò.

Ibi kan tún wà tí ó máa ń rújú. Tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá ṣe òfin kan, tí àwọn tí kò fẹ́ ẹ bá kó ìbuwọ́lùwé jọ láti dá a dúró, ìbéèrè tó dé iwájú olùdìbò máa ń jẹ́ bóyá kí òfin náà dúró. Ní ọdún 2018 California ṣe òfin tó fòpin sí fífi owó gba béèlì. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi béèlì jẹun kó ìbuwọ́lùwé jọ, ọ̀rọ̀ náà sì di Proposition 25 ní ọdún 2020. Ẹni tó bínú sí béèlì olówó gbọ́dọ̀ dìbò “Bẹ́ẹ̀ ni” kí òfin tuntun lè dúró. Àwọn tó gbé àbá náà wá gan-an ló ń polongo pé kí àwọn èèyàn sọ pé “Bẹ́ẹ̀ kọ́”, àwọn náà ló sì borí. Ìdàrúdàpọ̀ irú èyí wà lára ohun tó mú kí California ṣe òfin ní ọdún 2023 pé nínú irú ìbò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa kọ “kí òfin náà dúró” àti “kí òfin náà wó” dípò bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní ti ìpolongo, kò sí àpẹẹrẹ tó sún mọ́ àwọn èèyàn wa tó Proposition 22 ti ọdún 2020, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi Uber àti Lyft jẹun. Àwọn ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú DoorDash àti àwọn mìíràn ná ohun tó ju 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ láti fi sọ ọ́ di òfin pé awakọ̀ wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, bí kò ṣe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n ṣèlérí pé awakọ̀ yóò máa gba ìdá 120 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn nínú ìpolówó yóò rò pé wákàtí mẹ́jọ tí òun lò lẹ́yìn ọkọ̀ ni wọn yóò san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àbá náà sọ ọ́ kedere pé láti ìgbà tí awakọ̀ bá ti gba ìpè títí dìgbà tó bá já èrò sílẹ̀ nìkan ni ìlérí náà kà. Àkókò tó fi jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú, tó ń retí kí fóònù dún, kò sí nínú rẹ̀. Bákan náà, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí àwọn aṣòfin tó lè tún un ṣe, ìdá méje nínú mẹ́jọ wọn gbọ́dọ̀ gbà, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe. Nǹkan bí ìdá 58 àti ààbọ̀ dìbò fún un, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní California sì fi ọwọ́ sí i ní oṣù Keje ọdún 2024. Àwọn awakọ̀ kan wà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ tí wọ́n sì gbà á tọkàntọkàn, nítorí wọ́n fẹ́ máa ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù wọ́n; ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹni tí mo káàánú ni èyí tó dìbò lé owó iṣẹ́ ara rẹ̀ lórí láìmọ̀ pé àkókò ìdúró kò sí níbẹ̀.

Owó púpọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé àbá burú, àìlówó kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ó dára. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn ilé ìtọ́jú tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, èyí tó kan àwọn nọ́ọ̀sì wa gidi. Ní ọdún 2018, 2020 àti 2022, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera kan náà gbé àbá wá lórí àwọn ilé ìtọ́jú wọ̀nyí ní California. Méjì tó kẹ́yìn fẹ́ kí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ìṣègùn máa wà níbẹ̀ ní gbogbo àkókò ìtọ́jú. DaVita àti Fresenius, àwọn ilé iṣẹ́ tó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ná owó tabua láti takò ó, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni àbá náà sì ṣubú. Ààbò aláìsàn ni àwọn tó gbé e wá ń pariwo, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà tún ti ń gbìyànjú láti kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ wọ̀nyí mọ́ra. Àwọn ilé iṣẹ́ ní ìtọ́jú yóò wọ́n, àwọn ilé ìtọ́jú kan yóò sì tì, ṣùgbọ́n èrè tiwọn náà wà nínú ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, tí ẹnikẹ́ni kò dá dúró, ìṣirò ìpínlẹ̀ àti ọ̀rọ̀ òfin gan-an ló kù láti gbára lé, pẹ̀lú ohun tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí.

Àwọn ìwé pélébé tó máa ń kún inú àpótí lẹ́tà nígbà ìdìbò, tó ń to orúkọ àti àbá sílẹ̀ bí ẹni pé ẹgbẹ́ kan ló jókòó yàn wọ́n, ṣọ́ra fún wọn. Òfin California ní kí wọ́n fi àmì ìràwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ tàbí àbá tí wọ́n gba owó kí wọ́n tó kọ ọ́ síbẹ̀. Ìràwọ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Iye ìbò tí àbá nílò kì í ṣe ìdajì níbi gbogbo. Ní Florida, láti ọdún 2006, àtúnṣe ìwé òfin kò lè wọlé láìní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí ìyẹn ni àbá ọdún 2024 lórí ẹ̀tọ́ ìṣẹ́yún ṣe ṣubú bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí ìdá 57 dìbò fún un. Ní Minnesota, ẹni tó bá fi ìbéèrè lórí ìwé òfin sílẹ̀ láìdáhùn, bí ẹni tó sọ pé “Bẹ́ẹ̀ kọ́” ni wọ́n ṣe ń kà á, nítorí àbá náà gbọ́dọ̀ gba ju ìdajì gbogbo àwọn tó wá dìbò lọ. Ní California, fífi àyè sílẹ̀ kò gbè é, kò sì pa á lára. Bí èèyàn bá ti kà á kà á tí kò yé e, kò sí òfin tó ní kó tẹ nǹkan kan níbẹ̀, ìbò rẹ̀ lórí àwọn yòókù yóò sì dúró. Tèmi ni pé tí iyèméjì bá wà lórí àtúnṣe ìwé òfin, “Bẹ́ẹ̀ kọ́” ló dára jù, nítorí ìbò mìíràn nìkan ló lè mú ohun tó ti wọ inú ìwé òfin kúrò, ṣùgbọ́n ohun tí a kọ̀ lónìí lè tún padà wá. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ kò ní gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ìdí, nítorí ẹni tí ìyà ń jẹ lónìí kò lè máa dúró de ọdún méjì méjì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo bẹ àwọn ará ilé pé kí wọ́n má fi ṣeré. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ló lè dìbò lórí àbá ìpínlẹ̀. Ẹni tó ní gíríìn káàdì kò lè dìbò, bó ti wù kó pẹ́ tó ń san owó orí. Òótọ́ ni pé àwọn ìlú kékeré kan ní Maryland, bíi Takoma Park, ń jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè dìbò sí ipò ìlú náà, ṣùgbọ́n kò dé orí ìbò ìpínlẹ̀. Nígbà tí èèyàn bá lọ gba ìwé ìwakọ̀, wọ́n lè bi í bóyá ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Kí ẹni tí kò tíì gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè sọ pé rárá. Fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè ìwé yẹn yóò bi í bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀ tàbí dìbò rí, ìdáhùn náà sì lè di ohun tí wọ́n fi máa dá a padà sílé.

Fún àwọn òbí wa tó gba ìwé náà lọ́jọ́ ogbó, tí wọ́n yọ̀ǹda ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì fún nítorí ọjọ́ orí àti iye ọdún tí wọ́n ti lò, kò sí ìwé ìdìbò Yorùbá tí òfin àpapọ̀ pa láṣẹ, torí pé èdè Sípáníìṣì, ti àwọn ará Éṣíà àti ti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni òfin náà dárúkọ. Ṣùgbọ́n abala 208 nínú òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò fún ẹni tí kò ríran, tó ní àìlera, tàbí tí kò lè kà tàbí kọ, láyè láti mú ẹni tó bá wù ú wọlé kó ràn án lọ́wọ́, àyàfi ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, aṣojú ọ̀gá náà, tàbí olórí tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ lè tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ọmọ náà ni láti ka ohun tó wà níbẹ̀ fún ìyá, kó sì tẹ ohun tí ìyá sọ. Kì í ṣe láti dìbò tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó sàn kí wọ́n ti jókòó sọ ọ́ nílé, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sórí bébà. Ní Texas, wọn kò gba fóònù láàárín ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà sí ibi ìdìbò, ṣùgbọ́n wọ́n gba ohun tí a kọ sórí bébà.

Àwọn ẹgbẹ́ wa náà lè ṣe jù báyìí lọ. Oregon ti lo ètò kan rí tí wọ́n fi tẹ́tẹ́ mú nǹkan bí ogún olùdìbò lásán, tí wọ́n jókòó fún ọjọ́ mélòó kan gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì lórí àbá kan, tí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé àlàyé fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí ìjọ kan ní Houston lè fara wé e níwọ̀n: kí ẹni kọ̀ọ̀kan gba àbá kan lọ kà, kó padà wá ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, kí àwọn yòókù sì bi í ní ìbéèrè. Òfin owó orí Amẹ́ríkà pàápàá kò dí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí àbá òfin, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti gba apá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ wọn.

Ìbò náà kọ́ sì ni òpin ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2018, nǹkan bí ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò ní Florida gbà pé kí wọ́n dá ẹ̀tọ́ ìdìbò padà fún àwọn tó ti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tán, yàtọ̀ sí ẹni tó pààyàn tàbí tó dá ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀. Àbá náà sọ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti parí “gbogbo ohun tó wà nínú ìdájọ́ wọn”. Ní ọdún 2019, àwọn aṣòfin ṣe òfin pé owó ìtanràn àti owó ilé ẹjọ́ wà lára ohun gbogbo náà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Atlanta sì gbà pẹ̀lú wọn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti kúrò lẹ́wọ̀n, tí kò sì rí owó náà san, kò lè dìbò ààrẹ ọdún yẹn.